Òpópónà Duchess

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Àwọn tó sọ àdúgbò wa lórúkọ,
ọgbà màlúù ni wọ́n wò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan pátákó mọ́ òpó
fún ìjọba ìbílẹ̀ Marlow Flat, létí Adelaide,
níbi tí oòrùn oṣù kìíní ti ń bó ọ̀dà lára igi
bí ẹni ń bó ọsàn.
Mo mọ orúkọ tó ń tètè ṣá.
Mo mọ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jí lóru Sátidé:
Òpópónà Beer.
Jonas Beer, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì,
tí kò fi ọtí kan ètè rí títí ó fi kú.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti jí i gbé lọ sílé ọtí.

Enid, Coral, Beryl: ọmọ Clarrie Hocking ni wọ́n,
ẹni tó gé oko bàbá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tà lọ́dún 1926.
Enid gùn, ó sì tọ́.
Coral ń yí kiri.
Beryl ò já síbì kankan,
ògiri ilé-ìwé ló forí sọ;
àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ gan-an lọmọ náà rí.

Ṣùgbọ́n Duchess!
Ní Duchess, àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé etí koríko.
Owó ilé ibẹ̀ ju ti Beer lọ ní ìlọ́po méjì.
Màdáàmù Pobjoy, nọ́ńbà kẹsàn-án,
fara ti ọgbà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní:
“Desmond, ìyàwó ọmọ ọba wo nìyẹn?”
Mo wà lórí àkàbà, síkúrúù mẹ́ta wà lẹ́nu mi.
Mo ní, “Ọ̀kan lára àwọn ti àtijọ́ ni.”

Mi ò kúkú purọ́.
Bàbá mi àgbà ló ń fún un ní koríko:
ó pupa, etí rẹ̀ òsì ya,
gálọ́ọ̀nù mẹ́fà wàrà lójúmọ́,
nígbà ọ̀dá pàápàá.
Wọ́n ní Hocking ò sunkún nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú.
Àárọ̀ tí Duchess ò dìde mọ́,
ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ awọnlẹ̀,
ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ lórí máàpù,
ó kọ ti màlúù síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì.
Mo lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà kẹsàn-án,
mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo sì ń wo ẹsẹ̀ mi.
Màdáàmù Pobjoy da tíì sí ife kejì.
“Mo mọ̀,” ló wí. “Ìyá ìyá mi ló ń fún wàrà rẹ̀.
Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀ ni.
Àwọn ará nọ́ńbà kọkànlá ni kí o má sọ fún,
wọn ò tíì san gbèsè ilé wọn tán.”

Ohun tí mi ò sọ fún un
wà nínú ilé irinṣẹ́ mi, lẹ́yìn agolo ọ̀dà:
pátákó kan, SCHIRMER,
lọ́wọ́ ìkọ̀wé bàbá mi àgbà.
Ọdún 1917 ni àṣẹ dé pé orúkọ ọ̀tá ni,
kó tú u, kó sun ún,
kó kan VICTORY rọ́pò rẹ̀.
Ó jẹ búrẹ́dì Schirmer kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà;
ibòmíràn wo ni ì bá ti rí búrẹ́dì?
Àwọn Schirmer sùn ní Schirmer,
wọ́n jí ní Victory,
ààrò kan náà, ilẹ̀kùn kan náà,
ọmọkùnrin wọn sì wà lójú ogun
lábẹ́ àsíá wa.
Lẹ́tà tó kọ wálé, orúkọ àtijọ́ ló kọ sẹ́yìn rẹ̀;
ó pẹ́ kó tó dé,
ó pẹ́ ju òun gan-an alára lọ,
nítorí òun ò dé.

Bàbá mi àgbà ò sun pátákó náà.
Kò sì sọ ìdí.
Mo fi àkísà nù ún lálẹ́ àná.
Síkúrúù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú agolo.
Ó ku òpó.