Kò Sanwó, Kò Kó

Láti ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù ní UCH,
Yemẹtu dà bí ìgbà tí èèyàn da páànù sílẹ̀,
òrùlé pupa lé òrùlé pupa,
ìpẹtà ń gun ìpẹtà lẹ́yìn.
Ìyá mi na ìka sí ọ̀kan:
"Ilé mi nìyẹn. Tìámíyù ló wà ní yàrá igun.
Ọdún mẹ́fà, kò sanwó. Ọdún mẹ́fà, kò kó."
Kẹmó ń kán sí i lápá, tó, tó, tó,
ó pupa bí omi sóbò.

Lẹ́yìn ìkíní, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn délé.
Lẹ́yìn ìkẹrin, àtẹ̀gùn mẹ́ta péré
ti di òkè Màpó.
Wọ́n ní kókó náà ń súnkì.
Kí ló wá ń jẹ ẹni tó ń ṣẹ́gun?

Èmi, ìsàlẹ̀ ilé kan náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́.
Mo ń fọ ìgò, mo ń bọ́ eku funfun.
Mo mọ bí eku ti í ṣe
bó bá gba irú oògùn tí ìyá mi ń gbà:
á ká jọ sí igun, kò ní nu irun ara rẹ̀ mọ́,
kò ní gun kẹ̀kẹ́ inú àgò mọ́.
Dókítà Mojoyin pè mí sídìí maikirosikóòpù.
"Wò ó." Mo wò.
Sẹ́ẹ̀lì kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún,
wọ́n gba aró, wọ́n tẹ́ bẹẹrẹ bí ẹyin díndín.
"Oògùn bà wọ́n, wọn ò kú.
Wọn ò bímọ mọ́, wọn ò kú.
Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń da omi ìdọ̀tí
sẹ́nu ilẹ̀kùn aládùúgbò.
Aládùúgbò á wú, á gbóná, á rẹ̀ ẹ́.
Nígbà mìíràn, omi ìdọ̀tí yẹn gan-an
ni jẹjẹrẹ tó sùn á mu, tí á fi jí."

Àwọn eku tí a lé irú wọn kúrò lára wọn
padà sórí kẹ̀kẹ́.
Mo gbọ́ ọ lóru ọjọ́ kan tí wọ́n múná lọ,
kírí, kírí, kírí, nínú òkùnkùn biribiri.
Mo sunkún.
Eku ni. Eku kì í ṣe ìyá mi.
Dókítà ní, "Má tíì sọ fún un o.
Ọ̀nà ṣì jìn láti ara eku dé ara èèyàn."

Mo sọ fún un.
Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú.
"Àṣé Tìámíyù ló wà lára mi!"
Mo ní ẹ jẹ́ ká fún un níwèé kó-jáde,
Tìámíyù ti Yemẹtu ni mo ń wí.
Ó dákẹ́. Ó wo òrùlé.
"Lọ́jọ́ tí iná ràn mọ́ ẹ̀yìnkùlé,
ta ló kọ́kọ́ rí èéfín?
Ẹni tí kò ríbi lọ ni.
Bi dókítà rẹ: nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ẹ́ lé,
ṣé kò sí èyí tó ń ṣọ́lé?"

Mo bi í.
Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó pẹ́ kó tó fọhùn.
"Ó wà. Ọgbẹ́ tí kò bá rí wọn, kì í tètè jiná.
Ta ló sọ fún ọ?"

Ìrọ̀lẹ́ ni mo sìn ín délé.
Tìámíyù wà lẹ́nu ọ̀nà,
ó ti da omi ìfọṣọ sílẹ̀, ibẹ̀ ń yọ̀.
Ìyá mi dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń mí.
"Tìámíyù, owó mi."
"Oṣù tó ń bọ̀, Ìyá."
Ó kẹ́sẹ̀ lórí omi náà. Ó gbé ẹsẹ̀.
Mo kà á: ọ̀kan.
Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ń ké lórí mi,
kírí,
kírí.