Pápá Àwo ní Àjàrá

Abẹ́ àgbọn ni Mautin so agbọ̀n mẹ́sàn-án rọ̀ sí,
ó ní ká máa ju àwo rọ́bà sínú wọn.
Tìrẹ bá wọlé, ṣéènì á dún ṣaworo.

Ibòòji pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà;
iyanrìn rọ̀: bí o bá ṣubú, o kàn máa gbọnra ni.

Ṣùgbọ́n agbọ́n ti kọ́lé sí agbọ̀n kẹrin.
Ọ̀kan ta mí lágbọ̀n,
àgbọ̀n wú bí àgbọn.
Ewúrẹ́ jẹ ìwé tí a kọ máàkì sí.
Ìkẹfà kọjú sí ọ̀sà:
afẹ́fẹ́ já àwo pupa mi gbà, ó gbé e fún omi,
omi ò dá a padà.

Ó di Sátidé,
ẹsẹ̀ mi tún rèé lọ́nà Àjàrá,
àwo tuntun lábíyá,
àgbọ̀n ṣì ń ro mí.