Àpáta Wo?

Ní Lafẹ́nwá ni mọ́tò Ìmẹ̀kọ já mi sí,
èmi àti ẹ̀rọ ìgékárò tí mo fi ìró Àṣàbí wé
kó má baà ró gbangan létí àwọn aṣọ́bodè.
Mo ní kí ọmọkùnrin kan bá mi pe sẹ́mìjàn.
Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀:
"Bùọ̀dá, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"
Ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é níbí.
Kárò tí mo wá tẹ́, táìlì ló ń jẹ́.
Èmi náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú,
mo ti kúrò ní Ọdẹ́rìndé, mo ti di Àgànyìn.

"Máa gòkè lọ," ni wọ́n wí,
"bó o bá ti rí àpáta, yà sọ́wọ́ òsì."
Àpáta wo?
Ọ̀kan fẹ̀yìn ti ṣọ́ọ̀ṣì bí àgbà tí ìwàásù sú.
Ọ̀kan, wọ́n sá láfún sí i lórí,
ewúrẹ́ ń wo láfún,
ọmọdé mú pàṣán dání, ó ń wo ewúrẹ́.
Mo yà sósì nígbà mẹ́ta.
Ẹ̀ẹ̀kẹta dá mi padà síwájú obìnrin tó kọ́kọ́ júwe ọ̀nà.
Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún mi,
omi kún dé ẹnu ife, ó ń dà sílẹ̀,
kò tilẹ̀ wo èyí tó dà sílẹ̀.
Ní Kétu, a máa ń wò ó.

Lóru, iṣan ẹsẹ̀ ń ta mí.
Ilẹ̀ tiwa tẹ́ bí ẹní;
ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ pé èèyàn lè gun òkè
nítorí iyọ̀ kọ́bọ̀ lásán.
Èdè kan náà la jọ ń sọ, àmọ́ wọ́n á sọ̀rọ̀ tán,
màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò, bí ẹni tó di séfà mọ́wọ́
tó ń fọkàn ṣẹ́ ẹ sí náírà.
Àwàdà á ti kọjá kí n tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Irọ́ ni. Mo ń rí jù ni.
Mo rí páànù tó pọ́n lórí ilé títí dé ìsàlẹ̀ odò,
ó pọ́n bí erùpẹ̀ ilé wa gẹ́lẹ́.
Mo rí obìnrin tí aró jẹ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá,
ó ń fi ọwọ́ náà ka owó, owó kò yí àwọ̀.
Ẹni tí yóò bi mí pé kí ni mo rí
ni n kò rí.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo dé pálọ̀ Màmá Ṣówẹ̀mímọ́ ní Ìkìjà.
Àpáta yọrí ní kọ̀rọ̀, ó ga tó àpótí ìjókòó,
orí rẹ̀ ń dán, ìdí ẹni pípẹ́ ti jókòó lé e.
Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tí yóò fọ́ ọ."
Ó wò mí bí ẹni tó ní ká fọ́ ọkọ rẹ̀.
"Ṣé òun ló bá wa níbí ni?
Tẹ́ tìẹ yí i ká."

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta okùn, tí mò ń tẹ́ kárò tààrà.
Okùn kò mọ ara àpáta.
Mo fi páálí wọn ìbàdí rẹ̀, mo gé, ó fọ́.
Mo tún gé. Ó fọ́.
Mẹ́sàn-án ló bàjẹ́. Màmá ń kà wọ́n, kò sọ̀rọ̀.
Ẹ̀kẹwàá wọlé, ó fara mọ́ àpáta
bí ọmọ tó fi orí sábẹ́ apá ìyá.
Màmá dìde, ó lọ ro láfún.
"Kí lorúkọ tí wọ́n sọ ẹ́ nílé?"

Alẹ́ ọjọ́ náà ni nẹ́tíwọ́kì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún mi.
Àṣàbí ní, "Ibo lo wà gan-an?"
Mo wò yíká. Mo ní,
"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan báyìí."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Àpáta wo?"