Ojú Ọ̀sán

Àádọ́rin ọdún ni Lalam ti ń gbé lẹ́bàá ọgbà ẹranko,
yàrà kan ṣoṣo ló wà láàárín oko rẹ̀ àti igbó ìjọba,
kò sì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí.
Ta ni yóò fi ṣílè sanwó
láti lọ wo olè tó ń hú ẹ̀gẹ́ òun?

Èmi Piloya, ọmọ ọmọ rẹ̀,
èmi tí mo wọ kaakí, tí mo gbé ìbọn kọ́ èjìká,
ìjà wa kì í tán nídìí ààrò.
"Ìwọ ń ṣọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n lára.
Ta ló ń ṣọ́ èmi?"
Mi ò ní èsì. Mo máa ń koná.

Òru ló fi mọ erin.
Ó mọ bí igi máńgòrò ṣe ń ké kó tó ya,
ó mọ agolo tí à ń lù,
ata gbígbẹ tí à ń sun mọ́ ìgbẹ́ wọn
kí èéfín rẹ̀ lè lé wọn padà sódò.
Ọdún tí wọ́n fọ́ àká rẹ̀,
òkùnkùn kan tó nípọn ju òkùnkùn lọ ló rí,
ó ń mí.
Àwọn kan ní bí a bá rí erin, ká má pè é ní mo-rí-nǹkan-fìrí.
Lalam rí nǹkan fìrí fún àádọ́rin ọdún,
kò rí erin.

Ìgbà tí ọ̀gá wa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún aládùúgbò, lọ́fẹ̀ẹ́,
ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì,
ó di ẹ̀pà lílọ̀ àti yànmọ̀tí sínú ike,
a gba ọ̀nà Purongo wọlé.
Àgùnfọn dúró láàárín ọ̀pẹ,
ó wò wá bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé.
Lalam ní, "Èyí ò jẹ mí ní gbèsè."
Ìmàdò sá, ìrù rẹ̀ nàró bí ọ̀pá rédíò.
Òyìnbó méjì nínú ọkọ̀ kejì ń ya àwòrán,
wọ́n ya ẹfọ̀n, wọ́n ya lékelèke ẹ̀yìn rẹ̀,
wọ́n ya Lalam pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀nà ti yà sódò ni a ti bá wọn.
Mẹ́fà ni wọ́n, ọmọ kan wà lábẹ́ ìyá rẹ̀.
Egungun ìkejì wọn kan wà nílẹ̀ níbẹ̀,
wáyà ọdẹ ló pa á, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́.
Mo pa ẹ́ńjìnnì.
Èyí tó dàgbà jù na ọwọ́jà rẹ̀,
ó fi kan egungun àgbọ̀n,
ó yí i, ó gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀,
ó tún gbé e,
bí ẹni tó ń wá orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ abọ́.
Wọn ò jẹko. Kódà ọmọ náà ò ṣeré.

Lalam dì mí lọ́wọ́ mú, èékánná rẹ̀ wọ mí lára.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Nígbà ogun, nígbà tí wọ́n mú Ocitti lọ,
wọn ò fún mi ní eegun ìka kan fọwọ́ kàn."
Bàbá mi ni Ocitti.
Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.
Ó ṣí ike, ó gbé e fún mi.
A jẹ ẹ̀pà náà tán, a ò wo ojú ara wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún fò yàrà.
Lalam jáde tòun ti agolo, ó lù ú kíkankíkan,
ó bú wọn, ó bú etí wọn, ó bú ikùn wọn tí kì í kún,
ó bú ìyá tó bí wọn;
nígbà tó kù kó bú òkú wọn,
ó dákẹ́.
Mo gbọ́ tí agolo náà bọ́ sílẹ̀.