Sátidé Mẹ́rìnlá ní Ẹ̀pẹ́

Sátidé mẹ́rìnlá péré ni.
Mo mọ iye rẹ̀, torí èmi ni mo ń lu irin,
rímù mọ́tò kan tí a so rọ̀ sára igi odán.

Dísù tó ń rán ìgbòkun ló kó wa jọ.
Ó rí ìjàkadì òyìnbó nínú tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó,
ó padà délé, kò lè sùn.
Pákó ọkọ̀ tó ń jò la fi tẹ́ ojú agbo,
okùn àwọ̀n la fà yí i ká;
ẹni tí wọ́n bá jù lù ú, ìpẹ́ ẹja á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.
“Ẹgbẹ́ Ìjàkadì Etí Ọ̀sà” ni Dísù fẹ́ kọ sára aṣọ funfun.
Ọ̀dà tán kó tó dé “Ọ̀sà”.
Títí a fi tú ká, Ẹgbẹ́ Ìjàkadì Etí la jẹ́.

Ká má purọ́, wọ́n ti ń pín in kí ilẹ̀ tó ṣú.
“Rábíù, ìwọ lo máa ṣubú lálẹ́ yìí.
Sàlísù, rọra gbé e, ẹ̀yìn ń dùn ún.”
Sàlísù télọ̀, òun ni Ìjì Ejìnrìn.
Rábíù ni Ọ̀nì, a-fèédú-kunra, a-rákò-wọgbo.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ṣubú, kò ráhùn,
náírà márùn-ún fún ìṣubú kan.

Sátidé kẹrìnlá, ìyá rẹ̀ wọkọ̀ wá láti òdìkejì ọ̀sà,
ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání,
ó jókòó síwájú pátápátá.
Sàlísù sọ ọ́ sí i létí pé, “Ṣubú.”
Ó ní, “Màmá mi ń wò mí.”
Bí eré ṣe di ìjà nìyẹn.
Okùn já. Pákó kán.
Àwọn tó ta owó lé Ìjì ń béèrè owó wọn
lọ́wọ́ Dísù, lọ́wọ́ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Mo lu irin, mo lu ú,
ta ló gbọ́?

Ní Mọ́ńdè, àwọn apẹja wá gba okùn wọn.
Dísù kò dárúkọ ìjàkadì mọ́
àfi bí ibà bá mú un, á máa ka èrò.
Sàlísù rán ṣòkòtò ìgbéyàwó mi, kò gbowó.
Apá ọ̀tún Rábíù kò ga ju etí rẹ̀ lọ mọ́.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà, ojú ti lọ.
Á ní ọmọ òun kò ṣubú rí.
Àwa tí a mọ iye rẹ̀,
a ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”