Àgbàdo Abẹ́ Ẹ̀gùn

Ní oṣù kọkànlá, ní àríwá Míṣígàn,
ilé epo Kesti kì í ta epo nìkan.
Àpò kárọ́ọ̀tì tò síta bí ọmọ iléèwé,
bíìtì tó tóbi bí orí ọmọ ọwọ́,
àgbàdo gbígbẹ, ápù tó ti ń rà.
Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Bàbá mi, Reino, ra àpò mẹ́rin.
Irin ni orúnkún rẹ̀ òsì látọdún tí gẹdú ti wó lù ú;
kò lè tọpa ẹran mọ́ nínú yìnyín tó mu ni dé itan.
"Bí ẹsẹ̀ mi ò bá lè lọ bá a," ó wí,
"á fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wá bá mi."

Hilma àbúrò rẹ̀ gbé ife kalẹ̀, kọfí dànù.
"Ìyẹn kì í ṣe ọdẹ.
O tẹ́ tábìlì fún àlejò,
o wá fi ìbọn pamọ́ sábẹ́ aṣọ tábìlì."
Òun a máa rìn láti ìdájí, a máa ṣọ́ afẹ́fẹ́,
a sì máa darí wálé lọ́wọ́ òfo, ọdún mẹ́ta nínú márùn-ún.

Bàbá ṣí fìríìsà.
"Màlúù tí o rà nílùú yìí ńkọ́, ta ló kìlọ̀ fún un?
Àgbàdo ni wọ́n fi bọ́ ọ títí dé ẹnu ọ̀bẹ.
Èmi ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, nítòsí.
Ẹran tèmi kì í gbé ọgbẹ́ sá lọ kú sínú irà."

Hilma fi ìka nu kọfí, ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Itọ́ ńkọ́, Reino? Ogún ẹnu lórí òkìtì kan.
Àìsàn tó ń jẹ wọ́n lọ́pọlọ, ṣé o ti gbàgbé ni?
Ìwé ìjọba wà lára ilẹ̀kùn."
"Ìwé," ni bàbá mi wí, bí ẹni tutọ́.

Èmi ni mo gun ẹ̀gùn ní Sátidé.
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run:
abo kan dé, ọmọ méjì tẹ̀lé e,
wọ́n ń jẹ, etí wọn ń yí.
Lẹ́yìn wọn ni akọ kan yọ,
egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, itọ́ ń já bọ́ bí okùn.
Kò jẹun. Ó dúró ti òkìtì náà
bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú.
Mo sọ ìbọn kalẹ̀.
N kò ní pè é ní àánú; otútù ti pa ìka mi.

Bàbá béèrè ohun tí mo rí.
Mo ní n kò rí nǹkan kan.
Hilma wò mí, ó gbójú kúrò.

A dúró kí ilẹ̀ yọ́ ká tó lè gbẹ́ sàréè rẹ̀.
Ní oṣù kẹfà, èmi àti Hilma lọ tú ẹ̀gùn náà palẹ̀.
Àgbàdo ti hù lábẹ́ rẹ̀, ó ga dé orúnkún,
kò tò lẹ́sẹẹsẹ, ó kàn wà káàkiri bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹnu kan ti gé e lórí, ojú ibẹ̀ ṣì tutù.

"Oko ni àbí ìdẹ?" mo bi í.
Hilma bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó fa koríko kan tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
lẹ́yìn náà òmíràn.