Ọjọ́ Mọ́kànlá fún Asà

Ọjọ́ mọ́kànlá ni géèmù náà ní kí n fi kọ́ asà dé ìpele karùn-ún.
Kì í ṣe ọjọ́ inú géèmù o, ọjọ́ tí oòrùn ń ràn sí gan-an,
ọjọ́ tí a ń mu gàárì, tí a ń san owó iná,
kí ara ọkọ̀ mi lè fi ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún le sí i
ní òfurufú tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí.

Ṣówùnmí ní dìndìnrìn ni mí.
Láti ilé wọn ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti ń pariwo sí mi létí:
"Asà kì í pa ẹnìkan! Ìbọn ni kí o kọ́.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín ló ń sun oorun àsùnwọra.
Ta ló ń fi ọjọ́ mọ́kànlá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀ṣẹ́?"

Mo ṣírò ó sẹ́yìn risíìtì pákó. Kò pé.
Mo tún un ṣírò. Kò pé náà ni.
Àwọn tó gbẹ́ Eredo yí ilẹ̀ yìí ká ńkọ́,
ta ló bá wọn ka ọjọ́?

Òkè-Sọpẹ́n ni, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Akọ̀wé ilé ìlagi ni mí.
Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó máa ka pákó ló ń gbé mi lọ sójú ọ̀run.
Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, tí eruku igi bà sórí kííbọ́ọ̀dù,
mo gbọ̀n ọ́n dànù, mo wọ ọkọ̀.

Bàbá Odùbánjọ wọlé wá gba owó ọ̀sẹ̀,
ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo ìràwọ̀.
"Kí lò ń rò tó báyìí?" Mo ṣàlàyé.
N kò mọ̀ bóyá ó yé e.
Ó ní, "Ayùn ìta yẹn ní ìbòrí nígbà tí wọ́n rà á.
Irin pẹlẹbẹ kan báyìí, bí ìdérí ìkòkò.
Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìrókò tó bá nípọn kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.
Èmi fúnra mi ni mo tú u, tí mo jù ú sẹ́yìn ilé.
Ọdún mẹ́fà, kò sóhun tó ṣe. Ta ló ń la igi tó wa?
Ọdún keje, ọjọ́ Wẹ́sídeè kan..."
Kò parí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mi lórí ìka rẹ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta, ó ka gbogbo èyí tó kù fún un,
ó kásẹ̀ nílẹ̀ lórí ẹ̀jọ,
ó na ọwọ́, ó yá mẹ́ta nínú tèmi.
"Mọ́kànlá. Kò pọ̀."

Mo kọ́ ọ.
Òjò rọ̀, iná lọ, iná dé,
lọ́rì méjì kó àfàrà lọ sí Ṣàgámù,
mo gbé ojú kúrò lára ìbọn bí ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá, a kó irin bọ̀ láti ìdí ìràwọ̀ pupa kan,
èmi níwájú, Ṣówùnmí lẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà
ni wọ́n ti ń dúró dè wá, ọkọ̀ mẹ́ta, dúdú bí ìdí ìkòkò.
Asà mi tàn. Búlúù. Ó dà bíi pé mo lè fọwọ́ kàn án.
Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló fi pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹ́rin!
N kò ráyè sá. Ọkọ̀ mi fọ́ bí ìgò.
Ṣùgbọ́n nínú mẹ́rin yẹn ni Ṣówùnmí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá,
tòun ti irin rẹ̀, ó wọ ẹnu ọ̀nà, ó lọ.

Fóònù mi dún. Òun ni, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ. Asà yẹn ò wúlò,
o ṣáà kú. Èmi tí mi ò kọ́ ọ ńkọ́? Mo ti délé."

N kò dá a lóhùn.
Wọ́n ti tún tan ayùn níta.
Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo ń fẹsẹ̀ túṣu koríko,
mo ń wá irin pẹlẹbẹ kan tó dà bí ìdérí ìkòkò.